Ewu Tí Kò Tíì Lọ

Òórùn òrí àti omi gbígbóná ni mo fi ń rántí yàrá wa ní Pópó Àgùdà, ní ọ̀sẹ̀ kẹta tí ìyàwó mi bí àkọ́bí wa. Fèrèsé onígi ilé àtijọ́ náà kì í ṣí tán, nítorí náà òórùn ìwẹ̀ ọmọ kì í jáde tán. Ìyá ìyàwó mi ló ń wẹ ọmọ. Àlejò ń wọlé, àlejò ń jáde, gbogbo wọn ló sì ń kí ìyàwó mi pé, "Ẹ kú ewu ọmọ o!"

Ìwọ náà mọ èsì rẹ̀: ewu iná kì í pa àwòdì. A kì í ronú kí á tó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyàwó mi gbójú sókè, ó ní, "Ewu náà ò tíì lọ."

Ni gbogbo yàrá bá bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá ìkókó yìí mà lẹ́nu o!" ni ìyá rẹ̀ wí. Èmi náà rẹ́rìn-ín, èmi tíṣà Yorùbá tó máa ń fa ilà pupa sábẹ́ àmì ohùn tí kò bá wà níbi tó yẹ.

Ìyá àgbà kan tó ń ta ẹja gbígbẹ ní ọjà Sandgrouse nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé pánla tó mú wá kalẹ̀, ó fi etí ìró nu ọwọ́, ó jókòó ti ìyàwó mi lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Níbo ló wà, ọmọ mi?"

"Nínú orí mi, mà. Bí ọmọ bá sùn, èmi ò lè sùn. Bó bá ké, ó ń ṣe mí bíi kí n bọ́ sí títì, kí n má padà wá mọ́."

"Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni," ni ìyá rẹ̀ wí. "Ta ló bímọ tí kì í rẹ̀ ẹ́?"

Èmi ni ìyá ẹlẹ́ja kọjú sí. "Tíṣà, ìgbà wo nìyàwó ẹ sùn gbẹ̀yìn?"

Mi ò mọ̀. Mo mọ iye ìgbà tí ọmọ mu ọmú láti àárọ̀, ṣùgbọ́n mi ò mọ ìyẹn.

Ọjọ́ kejì la lọ sílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì ní àìsàn ni, pé ó ń mú ọ̀pọ̀ ìyá lẹ́yìn ìbímọ, pé ó sì gbóògùn. Láràárọ̀, mo ń gbé ọmọ rìn dé Onikan kí ìyá rẹ̀ lè sùn. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ara ìyàwó mi tó bẹ̀rẹ̀ sí í yá. Lọ́jọ́ kan mo wọlé, mo bá a tó ń bá ìyá rẹ̀ jà nítorí iyọ̀ ọbẹ̀, mo sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, mò ń gbọ́ ìjà náà bí ẹni ń gbọ́ orin.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, lọ́dún tó kọjá, àìsàn mìíràn ló mú ìyàwó mi lọ. Wọ́n kí mi kú ará-fẹ́ra-kù, mo dáhùn bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n ìkíni ewu ọmọ yẹn ṣì ń yà mí lẹ́nu. Àwọn baba wa mọ̀ pé ewu ni, wọ́n sì pè é ní ewu. Àwa la kí i títí a ò fi gbọ́ ọ mọ́.

Lóṣù tó kọjá, àkọ́bí náà, ọmọbìnrin wa, bímọ tirẹ̀. Nígbà tí mo débẹ̀, mi ò kí i. Mo jókòó tì í.

"Ewu náà ńkọ́?"

"Ó ṣì wà, Daddy."

Mo bọ́ bàtà mi, mo nawọ́ gba ọmọ.