Ògiri Tí Òjò Ń Rin

Ojú tì mí lónìí débi pé mi ò lè jẹun.

Mo lọ ra gààrí ní Erinje, ni mo bá pàdé Ìyá Tọ́lá, tó gbé yàrá ẹ̀yìn nílé mi l'Ókìtìpupa fún ọdún mẹ́ta. Inú ọ̀kan lára àwọn ilé tí àwọn ará àdúgbò dáwó jọ kọ́ fúnra wọn ló ń gbé báyìí. Gbogbo wọn ló jọ ni ín, owó ilé náà ò sì ju agbára wọn lọ. Ó mú mi wọlé. Ògiri gbẹ, fèrèsé fẹ̀. Tọ́lá ń fo okùn níta.

Mo ní, "Ikọ́ ọmọ yìí ńkọ́?"

Ó kúnlẹ̀, ó gbé omi fún mi. "Ẹ ṣé tẹ́ ẹ bèèrè, Dádì. Kò wúkọ́ mọ́ látìgbà tá a ti dé ibí. Nọ́ọ̀sì ní ògiri tí òjò ń rin yẹn ló fà á."

Ògiri mi ni.

Nígbà tó ń bẹ̀ mí pé kí n tún òrùlé ṣe, èmi yìí ni mo sọ fún un pé ayé ló ń bá ọmọ rẹ̀ jà, kó lọ gbààwẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó gbà mí gbọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi gbààwẹ̀, tòun tọmọ.

Ó yẹ kí n bẹ̀ ẹ́, àmọ́ mi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Mo kàn dìde, mo lọ.

Obìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ló wà ní yàrá yẹn báyìí. Mo ti pe káfíńtà, ó ń bọ̀ wá tún òrùlé ṣe lọ́la.

Ṣùgbọ́n Ìyá Tọ́lá ńkọ́? Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, tó bá jẹ́ ẹ̀yin, kí lẹ máa sọ fún un?