Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Tó Fẹ́ Yọjú sí Ẹ̀yìnkùlé Wa

Mo rántí ìgbà tí àwa ìyàwó ilé fi omi dá pẹ̀tẹ́ẹ̀sì dúró. Kì í ṣe pé a da omi lù ú o. Ṣe ni a kọ̀, a ò pọn ọ́n. Ìyàwó tuntun tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì mọ́ ni mo jẹ́ nígbà náà. Láti Ìdó ni wọ́n ti gbé mi wá sí ìlú ọkọ mi lọ́nà Òmù, ara mi ń yá gágá, ẹ̀rín kì í sì í jìnnà sí ẹnu mi. Ó ku ọdún díẹ̀ kí orílẹ̀-èdè wa gba òmìnira, kòkó ń mówó wọlé, àwọn ọkùnrin sì ti ń ro ohun tí bàbá wọn kò rò rí.

Agbo ilé ńlá ni ilé wa, ó kọjú sí títì, ó kẹ̀yìn sí ọgbà obì. Ẹ̀yìnkùlé gan-an ni ayé wa wà. Ibẹ̀ ni ilé ìdáná wà, ibẹ̀ náà ni balùwẹ̀ wà, èyí tí a fi imọ̀ ọ̀pẹ yí ká tí kò ní òrùlé, tó fi jẹ́ pé bí o bá ń wẹ̀, ìwọ àti sánmà ni ẹ jọ ń wo ara yín. Kò sẹ́ni tó ka èyí sí nǹkan kan, torí kò sí ẹnikẹ́ni lókè.

Èmi ní tèmi, mo ní ìdí mìíràn tí mo fi fẹ́ràn ẹ̀yìnkùlé. Tíṣà ni ọkọ mi, ó sì ní kẹ̀kẹ́ dúdú kan tó fi ń lọ wàásù ní àwọn abúlé lọ́jọ́ Ìsinmi. Ní ọjọ́ tó kù, ẹsẹ̀ ló fi ń lọ sílé ìwé, kẹ̀kẹ́ a sì fara ti ògiri, a máa wò mí. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti kọ́ mi ní kẹ̀kẹ́ gígùn ní Ìdó nígbà tí mo wà lọ́mọge, adùn rẹ̀ kò sì kúrò lára mi. Bí oòrùn bá ti kan àtàrí, tí àwọn tó lọ sóko kò tíì dé, tí àwọn àgbà ń tòògbé, n ó rọra ti kẹ̀kẹ́ gba ẹ̀yìn ilé ìdáná, n ó ká aṣọ mi dé orúnkún, n ó sì máa gùn ún yí igi àgbálùmọ̀ kan po ní ìpẹ̀kun ẹ̀yìnkùlé, títí òòyì á fi kọ́ mi. Inú mi a dùn débi pé n kì í mọ ìgbà tí mo ń kọrin.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré. Láyé ìgbà yẹn, wọ́n gbà pé obìnrin tó bá ń gun kẹ̀kẹ́, inú rẹ̀ á bàjẹ́, kò ní rọ́mọ bí. Èmi rèé, ó ti lé lọ́dún tí mo ti wọlé ọkọ, n kò tíì lóyún. Ẹni tó bá kí mi, ikùn mi ló ń kọ́kọ́ wò kí ó tó wo ojú mi. Bí wọ́n bá fi lè rí mi lórí kẹ̀kẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ̀bi ti rí ibi jókòó nìyẹn: wọn a dá mi padà sílé bàbá mi, wọn a sì fẹ́ ẹlòmíràn fún ọkọ mi. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì ń gùn ún. Ẹ má bi mí léèrè ọgbọ́n tó wà níbẹ̀.

Ọmọ ilé wa kan wà tó ń ra kòkó. Àwa ìyàwó ilé kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ, nítorí náà Oníkòkó ni à ń pè é. Ó ní òun fẹ́ kọ́lé sí ẹ̀gbẹ́ ilé wa, inú wa sì dùn. Àṣà ni pé bí ọmọkùnrin ilé bá ń mọlé, àwọn ọkùnrin á gbẹ́ amọ̀, wọn á fẹsẹ̀ pò ó, àwa ìyàwó ilé á sì máa pọn omi tí wọ́n fi ń pò ó láti odò. A pọn, a pọn, orin ń lọ, omi ń lọ, ògiri sì ga kọjá orí ilẹ̀kùn. Ìgbà tí káfíńtà tẹ́ pákó sórí ògiri náà ni a tó mọ̀ pé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni. A jó lọ́jọ́ náà! Èmi ni mo jó jù, torí n kò gun àtẹ̀gùn kankan rí láyé mi, mo sì ti ń wo ara mi lókè bí ìyàwó gómìnà.

Bíríkìlà ló ba ijó náà jẹ́. Ó wá mu omi nílé ìdáná wa, ó jókòó, ó sì ń fọ́nnu nípa iṣẹ́ tó kù. Ó ní fèrèsé ńláńlá ni Oníkòkó fẹ́ sí ẹ̀yìn, kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ wọlé láti ọgbà obì. Ó na ọwọ́ sókè, ó ní ẹni tó bá dúró níbẹ̀ yóò máa ka iye iṣu tó wà nínú ìkòkò wa. Ó rò pé a ó rẹ́rìn-ín. Gbogbo wa gbójú sókè wo ibi tó nawọ́ sí, lẹ́yìn náà a jọ wo balùwẹ̀.

Ìyá ọkọ mi ni àgbà gbogbo ìyàwó ilé. Obìnrin kúkurú ni, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò kúrú. Ó gba ife omi lọ́wọ́ bíríkìlà, ó ní: “Ùgbà tí mo wọ ulé yìí, ògiri ni mo bá níbẹ̀, n kò bá ojú. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ojú sí ẹ̀yìnkùlé mi, kí ó lọ pọn omi rẹ̀ fúnra rẹ̀.”

Bí ó ṣe di ìjà nìyẹn, èmi ni mo sì ń pariwo jù. Balùwẹ̀ ni mo ń ké pè lẹ́nu, ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Kẹ̀kẹ́ ni mo ń jà fún nínú ọkàn mi, mo sì rò pé èmi nìkan ni mo mọ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, a lọ sódò bí a ṣe máa ń lọ. A pọn omi kún ìkòkò wa bámúbámú, a tò tẹ̀ léra wa, a kọjá lẹ́bàá ọ̀fìn amọ̀ tí àwọn ọkùnrin dúró sí, a fi orúnkún kí wọn tìkòkò-tìkòkò pé, “Ẹ kú uṣẹ́ o,” a sì gbé omi wa wọ ilé ìdáná. Amọ̀ gbẹ mọ́ wọn lẹ́sẹ̀. Oníkòkó lọ bẹ àwọn obìnrin àdúgbò kejì, àwọn yẹn kọ́kọ́ bi í pé apá ibo ni fèrèsé náà kọjú sí. Ó fi ìbínú gbé garawa, ó sì lọ sódò fúnra rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀wù funfun lọ́rùn. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ odò yẹn kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹni tí kò mọ omi í rù. Nígbà tí yóò fi dé, ara rẹ̀ ni ó fi pọn omi náà wálé, ìyàwó ilé kan sì kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé, “Ọkọ mi, ẹ kú ìwẹ̀!” Ẹ̀rín pa wá débi tí mo fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n ojú ọ̀run ti ń ṣú. Bí òjò bá bá ògiri amọ̀ láìlórùlé, yóò wó ni, wàhálà gbogbo wa á sì di ẹrẹ̀. Ni baálé ilé bá pè wá jọ. Òfin ilé ni pé gbogbo ọmọkùnrin ilé, kékeré àti àgbà, ọkọ wa ni wọ́n, orí èyí sì ni baálé gùn. Ó ní, “Ṣé ọkọ yín kọ́ ni Oníkòkó? Bí ojú ọkọ bá rí ìyàwó, kí ló bàjẹ́ níbẹ̀?” Ta ni yóò sọ pé ọkọ òun kì í ṣe ọkọ òun? Èmi ti ń wo kẹ̀kẹ́ tó ń sá fún mi lọ.

Ìyá ọkọ mi gbé ọwọ́ sókè. “Bàbá, ọkọ wa ni, a ò jiyàn. Òyìnbó tó ń ra kòkó lọ́wọ́ rẹ̀, bó bá wá sùn lókè ńkọ́? Ṣé ọkọ wa ni òun náà?”

Baálé fẹ́ dáhùn, ẹ̀rín gbà á lẹ́nu, áṣáà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sì dà sí itan rẹ̀. Oníkòkó alára rẹ́rìn-ín. Ọmọlúàbí ni, a ò lè purọ́ mọ́ ọn. Ó ní kí gbogbo wa gòkè, kí a fi ojú ara wa wò ó. Bí a bá rí ohun tí kò yẹ ní rírí, ibi tí a bá ní kí ògiri ga dé, ibẹ̀ ni yóò ga dé.

Háà, ẹ bá rí wa lórí àkàbà! Ọ̀kan dijú pa, ó di ìdí ìró ẹni tó wà níwájú mú, ẹni iwájú náà ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má tú òun síhòòhò kí fèrèsé tó dé. Ọ̀kan ń pe Jésù ní gbogbo ìgbésẹ̀. Ìyá ọkọ mi gùn ún wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni ń lọ sí àjà rẹ̀. Èmi ti fò gòkè bí ewúrẹ́. Mo rí òrùlé gbogbo ìlú, mo rí ọ̀nà Òmù tó gba inú igbó lọ, atẹ́gùn ń fẹ́ wọ etí mi, mo sì kígbe débi tí káfíńtà fi jẹ́ kí òòlù rẹ̀ bọ́.

Lẹ́yìn náà a yíjú sí ẹ̀yìnkùlé. Gbogbo rẹ̀ là sílẹ̀ gbayawu. Kànìnkànìn tí mo so mọ́ imọ̀ balùwẹ̀ ń hàn kedere. Ìyàwó ilé kan figbe ta, torí ó rí adìẹ rẹ̀ tó sọnù lórí ẹyin nínú ọgbà ìyàwó ilé mìíràn, onítọ̀hún sì ń búra pé òun kò mọ ìgbà tó dé. À ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ ni ẹnì kan nawọ́ sí abẹ́ igi àgbálùmọ̀.

Nínú koríko níbẹ̀, ipa kan yí igi náà po rọ́bọ́tọ́, pupa, tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń dán. Nígbà tí mo wà nílẹ̀, n kò rí i rí. Láti òkè, afọ́jú nìkan ni kò ní rí i.

“Ewúrẹ́ ta ni wọ́n so mọ́ igi yẹn?” ni ẹni tó nawọ́ béèrè.

Ẹlòmíràn ní, “Ewúrẹ́ kì í tẹ ojú kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀.”

Oníkòkó tẹ̀ síwájú, ó ń fojú wọ̀n ọ́n. Òun náà ní kẹ̀kẹ́ nílé. Ó ní, “Ó mà jọ ipa…” Mo ti rí ẹrù mi lórí mi, mo ti rí bàbá mi lẹ́nu ọ̀nà ní Ìdó tó ń bi mí pé kí ni mo ṣe.

“Èmi ni mo yí i,” ni ìyá ọkọ mi wí. “Orúnkún ló ń gan mí, mo ń rìn yí igi náà po láti fi nà án ni. Oníkòkó, ṣé o rí ohun tí à ń wí? O ò tíì sùn nínú ulé yìí, o ti mọ àrùn ara mi!”

Ojú ti Oníkòkó débi tó fi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ orúnkún náà. Lójú ẹsẹ̀ ló sọ fún bíríkìlà pé kí ògiri ẹ̀yìn ga kọjá orí ọkùnrin gíga, kí fèrèsé wà lókè pátápátá, kí ìmọ́lẹ̀ máa wọlé kí ojú má máa jáde. A gbé ìkòkò wa, a kọrin lọ sódò, ilé sì dé orí kí òjò tó dé.

Ṣùgbọ́n kí a tó lọ sódò, mo bá ìyá ọkọ mi nílé ìdáná, mo kúnlẹ̀. Iná ló ń fẹ́, kò sì wò mí. Ó ní, “Gbòǹgbò kan ti ń yọ lójú ipa náà ní apá ọgbà obì. Òkúta ni mo lè máa ṣà kúrò níbẹ̀ láràárọ̀, n kò lè hú gbòǹgbò. Máa yà fún un.”

Omi lé sí mi lójú. Mo bi í bóyá kò bẹ̀rù pé n kò ní bímọ. Ó ní, “Ẹ̀rù ń bà mí. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ nìkan ni mo ti ń gbọ́ orin lẹ́nu rẹ láti ùgbà tí o ti wọ ulé wa.” Ó ní kí n gbé iyọ̀ fún òun.

Mo bímọ, mo sì tún bí òmíràn tẹ̀ lé e, ọwọ́ ìyá ọkọ mi ló sì ń kọ́kọ́ wẹ gbogbo wọn. Lónìí, ọ̀dọ̀ ọ̀kan nínú wọn ni mò ń gbé ní Ìbàdàn, nínú ilé tí wọ́n to àfọ́kù ìgò sórí ọgbà rẹ̀, tí wọ́n sì fi aṣọ dí gbogbo fèrèsé. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má baà rí wa ni. Ó dára, n kò bá wọn jà. Àmọ́ n kò tíì rí ògiri tó bo àṣírí mi tó ẹnu obìnrin kúkurú yẹn.

Kò sọ fún ọmọ rẹ̀ títí ó fi kú, èmi náà ò sì sọ. Ọkọ mi a máa ṣàròyé nígbà náà pé ọ̀nà abúlé ń jẹ táyà kẹ̀kẹ́ òun ju ti gbogbo tíṣà yòókù lọ. Èmi àti ìyá rẹ̀ a mi orí, a sì gbà fún un pé ọ̀nà yẹn burú lóòótọ́.