Ọ̀já Búlúù Inú Aṣọ Ìbora

Ọyẹ́ kan jà nígbà èwe mi tó gbé òbúkọ wa láti Àkúrẹ́ dé Oǹdó. Kó tó balẹ̀, ẹran ti gbẹ, iyọ̀ nìkan ló kù ká fi sí i. Láàárọ̀ yìí, ìyàwó mi ṣí àpótí aṣọ, òórùn káńfọ̀ sì gbé mi padà sínú ọyẹ́ ọ̀hún.

Gbogbo nǹkan ti wọ́n, a ò lè ra kúbùsù, àbúrò mi obìnrin sì ń wúkọ́, ètè rẹ̀ funfun. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Màmá ní òun á fi ọ̀já tí òun fi pọ̀n wá rán aṣọ ìbora. Pupa ni tèmi, ìtọ̀ mi ti pa á láró. Yẹ́lò ni ti àbúrò mi. Búlúù kan wà nísàlẹ̀ àpótí tó ń dán bí ojú ọ̀run. Bí wọ́n ṣe ká a lọ́jà ló ṣì wà.

"Màmá, ta lẹ fi eléyìí pọ̀n?"

Sísọ́ọ̀sì dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ tó wá kí wa láti Oǹdó ní, "Gé e, ọmọ mi. Alààyè ni òtútù ń mú."

Màmá gé e. Ó rán an mọ́ tiwa, aṣọ náà sì fẹ̀ lójú mi bíi pápá. Àbúrò mi wọ abẹ́ ẹ̀, ó móoru, ó sùn lọ.

Mo ní, "Bí ẹni tó ni búlúù bá dé, màá sún fún un."

Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Mo ti hu irùngbọ̀n kí n tó mọ̀ pé èmi kọ́ ni àkọ́bí rẹ̀.

Èmi ni mo fi ẹ̀rín yẹn kún ìtàn yìí. Omi ojú nìkan ló wà níbẹ̀.