Bí A Ò Ṣe Pín Ayé Weoogo sí Méjì

Ní òwúrọ̀ tí wọ́n jó ilé òfì Tanti Sikira, èmi ni mo gbé fóònù ilé iṣẹ́ wa. N kò tíì kí i tán tó ti bẹ̀rẹ̀.

"Àbúrò, ṣé ẹ̀yin lẹ ni eré yìí?"

"Àwa ni, Tanti. Kí ló dé?"

"Wọ́n lúgọ dè mí lẹ́yìn òkúta funfun. Wọ́n kó kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ mi, wọ́n kó aṣọ tó rù, wọ́n tún wá fi iná sí ilé òfì mi. Kí ni mo ṣe fún wọn?"

Ilé kankan kò jó ní Burkina lọ́jọ́ náà. Tanti Sikira jẹ́ ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí ìlú Bobo, ó ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní aṣọ rírán níbẹ̀. Ilé tó kọ́ sínú Weoogo ló ń sọ. Igbó ni Weoogo ní èdè Mòórè tí àwọn Mossi ń sọ, òun náà sì ni orúkọ eré tí à ń ṣe ní bureau, ilé iṣẹ́ wa ní àdúgbò Zone du Bois ní Ouaga. Orí fóònù ni àwọn ènìyàn ti ń ta á bí ẹni ta ayò. Ayé kan náà ni gbogbo ẹni tó bá wọlé ń gbé: o lè dáko, o lè hunṣọ, o lè kó ọjà láti ìlú dé ìlú, o sì lè di jagunjagun kí o máa dá ọlọ́jà lọ́nà.

Iṣẹ́ tèmi níbẹ̀ ni à ń pè ní ekilibiraaji, ìyẹn mímú eré dọ́gba. Kí ẹni tó gbin ọkà lè kórè, kí ẹni tó fẹ́ jà sì rí ẹni bá jà, kí apá kan má fi ayé sú apá kejì. Nígbà tí mo ṣàlàyé fún ìyá mi, tó ń ta aṣọ ní ọjà Rood Woko, ó wò mí títí. "Wọ́n ń sanwó fún ẹ kí o máa parí ìjà àwọn tí kò sí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó dúpẹ́ ní Mòórè, ó ní, "Barka. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí wọ́n tètè fura."

Èmi ni mo to àwọn òkúta funfun náà yí gbogbo ọjà inú Weoogo ká. Ẹnikẹ́ni kò lè gbé ọwọ́ ìjà sókè nínú wọn, mo sì rò pé mo ti ṣe bẹbẹ. Àwọn jagunjagun kàn lọ dúró sí ìta òkúta ni, wọ́n ń ṣọ́ ẹni tó máa jáde.

Lẹ́yìn ìpè Tanti Sikira, mo dá àsíá sílẹ̀. Ẹni tó fẹ́ àlàáfíà á gbé funfun, ẹni tó fẹ́ jà á gbé pupa, ìjà ò sì lè kan ẹni tó gbé funfun. Kò pẹ́ rárá tí àwọn ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ fi gbé funfun, wọ́n lọ dúró gbọn-in lórí afárá, wọ́n ní ọlọ́jà kankan ò ní kọjá. Ta ló fẹ́ lé wọn? Àsíá àlàáfíà ló wà lọ́wọ́ wọn.

Inú bí mi. Mo kó àsíá dànù, mo fi ẹ̀ṣọ́ sí gbogbo ojú ọ̀nà, àwọn ẹ̀ṣọ́ tí kì í luni lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀nà pa rọ́rọ́. Àwọn jagunjagun bẹ̀rẹ̀ sí í fi eré sílẹ̀, mo sì ní kí wọ́n máa bá ẹsẹ̀ wọn lọ. Àfi bí Tanti Sikira ṣe tún pè, tó ní aṣọ òun ò tà mọ́. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀nà kò ṣe léwu mọ́, gbogbo ayé ló ń kó aṣọ lọ sí ìlú òkè, aṣọ kún ibẹ̀ bámúbámú, kò sì sí ẹni tó ń béèrè. Èmi ọmọ oníṣòwò, tí bàbá mi ń ti Ògbómọ̀ṣọ́ kó ẹrù gba ọ̀nà jíjìn wá sí Ouaga, ló yẹ kí n mọ̀ pé ewu ọ̀nà wà lára ohun tí à ń tà. Ojú tì mí gan-an.

Ọ̀gá wa, Mesiọ Bukari, pe gbogbo wa jọ. "A ó pín ayé náà sí méjì," ó ní. "Ọ̀kan fún àlàáfíà, ọ̀kan fún ogun. Bẹ́ẹ̀ làwọn mìíràn ń ṣe é. Kí Tàbáskì, ọdún Iléyá, tó dé, kó ti parí." Salifu, tó ń kọ òfin eré fún kọ̀ǹpútà, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ayé kejì. Èmi ni wọ́n ní kí n kéde rẹ̀ fún àwọn tó ń wọlé ṣe eré náà, mo sì kéde rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Tanti Sikira pè lọ́jọ́ kejì. Lọ́tẹ̀ yìí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

"Àbúrò, ọmọ mi Lukmọ́ọ̀nù wà ní Libreville ní Gabon. Tí mo bá pè é lórí fóònù, á ní 'Màmá, ça va, mo wà dáadáa,' ó tán. Inú eré yín ni mo ti ń rí i. Òun ń jagun, èmi ń hunṣọ. Tó bá jagun tán, á yà lọ́dọ̀ mi. Tí ẹ bá wá pín in, apá ibo ni kí n wà? Èmi ò lè jà. Òun náà ò sì lè máa hunṣọ."

"Mi ò ní jẹ́ kí wọ́n pín in, Tanti."

Ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ kí n tó ronú. Èmi kọ́ ni mo ni eré. Ṣùgbọ́n mo ti sọ ọ́ fún ìyá tó fẹ́ máa rí ọmọ rẹ̀, mo sì pinnu pé kò ní di irọ́. Mo lọ bá Mesiọ Bukari, mo sọ ọ̀rọ̀ Tanti àti ọmọ rẹ̀ fún un, mo ní kó fún mi láàyè di Tàbáskì. Ó ní, "D'accord, mo gbà. Àmọ́ Salifu ò ní dáwọ́ dúró o."

Ohun tí mò ń wá kiri wà níwájú mi látọjọ́ tí mo ti dé bureau yẹn. Mossi ni Salifu. Felisi, tó ń ya àwòrán eré, jẹ́ Samo. Ní Burkina, àwọn ìran méjèèjì yìí ń bá ara wọn ṣe ẹ̀fẹ̀ tí wọ́n ń pè ní rakiiré, àwọn baba ńlá wọn ló fi lélẹ̀. Èyí lè pe ìyẹn ní ẹrú rẹ̀, ìyẹn lè fi í ṣẹ̀sín níwájú ọ̀gá, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ bínú. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Salifu jókòó ti àwo ẹ̀wà rẹ̀, Felisi sì gbé àwo náà, ó ń gbé e sá lọ.

"Ẹrú mi ò gbọdọ̀ jẹun ṣáájú mi," Felisi wí.

"Ajẹ-orí-ajá, gbé àwo mi wá."

Salifu tẹ̀ lé e yí ọgbà ká, ó ń bú u. Nígbà tó yá, àwọn méjèèjì jọ jẹ ẹ̀wà náà tán. Mo bi Felisi pé kí ló dé tí kì í gbé àwo tèmi.

"Ìwọ ọmọ Yorùbá? Tí mo bá gbé tìẹ, mo jalè nìyẹn."

"Tí o bá gbé ti Salifu lọ sílé ńkọ́?"

"Olè náà ni. Ó gbọ́dọ̀ ráyè wá bú mi kó tó gbà á."

Àwọn àgbà wa ní bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́. Mo ti ń gbọ́ ọ láti kékeré, ọjọ́ yẹn ni mo tó mọ ohun tí mo lè fi ṣe. Mo dín ẹ̀ṣọ́ ojú ọ̀nà kù. Mo ní kí ìlú kọ̀ọ̀kan nínú Weoogo yan ìlú kan tí wọ́n á jọ máa ṣe rakiiré. Wọ́n lè dá ara wọn lọ́nà, wọ́n lè kó ẹrù àti ẹran ara wọn, àmọ́ wọn ò lè pànìyàn, wọn ò sì lè fi iná sílé. Ẹni tí wọ́n kó nǹkan rẹ̀ á gbé obì lọ sí àgbàlá ẹni tó kó o, á bú u tẹ́rùn, á sì gba nǹkan rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ogun gidi, kó wá ìlú tó gbà láti bá a jà.

Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ dán an wò, àwọn kan kó ẹrù tán, wọ́n pa fóònù. Felisi rẹ́rìn-ín, ó ní, "Wọ́n ti gbé àwo lọ sílé." A tún un ṣe: bí o bá sá fún ẹni tó ni ẹrù, ẹrù rẹ̀ á padà sọ́dọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀, wọ́n á sì kígbe orúkọ rẹ láàárín ọjà. Àwọn jagunjagun kan kọ̀wé pé a ti sọ ogun di eré ọmọdé, wọ́n sì lọ. Mesiọ Bukari fi ìwé wọn hàn mí. N kò yí ìpinnu mi padà.

Ọ̀sẹ̀ Tàbáskì wọlé. Àgbò ń ké lẹ́yìn moto káàkiri ìgboro. Mesiọ Bukari fa àga sẹ́yìn mi, ó ní ayé kejì ti parí, bọ́tìnnì kan ló kù tí a ó tẹ̀ láti ṣí i. Ibi tó ti ń sọ̀rọ̀ ni fóònù dún.

"Àbúrò, mo ti kó ẹṣin Lukmọ́ọ̀nù." Tanti Sikira ń rẹ́rìn-ín débi pé ọ̀rọ̀ ò fẹ́ jáde. "Ìlú àwa ahunṣọ ti yan ìlú wọn. Wọ́n lọ sójú ogun, mo bá wọ àgọ́ wọn, mo tú ẹṣin. Ẹ wò ó, ó so mọ́ ẹ̀gbẹ́ òfì mi."

Mo ṣí àgbàlá rẹ̀ fún ọ̀gá mi wò. Kò pẹ́ tí jagunjagun kan fi wọlé, ó gbé obì kalẹ̀. Ó lè tú ẹṣin rẹ̀ kó máa lọ báyìí, kò sí ẹni tó máa dá a dúró. Kò lọ. Òun àti ahunṣọ dojú kọ ara wọn, wọn ò mira.

"Eré ti há," Mesiọ Bukari wí.

Mo yẹ̀ ẹ́ wò. Kò há. A kì í ka ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn, ṣùgbọ́n àmì kékeré tó máa ń fi hàn pé ọ̀rọ̀ ń lọ ń tàn lórí àwọn méjèèjì, ó ń tàn lórí ìyá, ó ń tàn lórí ọmọ, kò dáwọ́ dúró. Ọ̀gá mi ń wò ó. Ó yíjú sí Salifu.

"Pa ayé kejì yẹn rẹ́."

"Ẹ jẹ́ kí Ràmátù pa á rẹ́," Salifu dáhùn, ó sì dìde lórí àga rẹ̀ fún mi.

Mo tẹ bọ́tìnnì tó pa á rẹ́. Nígbà tí mo padà wo àgbàlá náà, ẹṣin ṣì wà lórí ìso, Lukmọ́ọ̀nù sì ti jókòó ti ìyá rẹ̀.