Èémí Nínú Yàrá Aṣọ

Ẹ má pè é ní àlọ́. N kò mu ọtí, n kì í sì í sọ ohun tí ojú mi kò rí. Ní kíláàsì àgbà tí mò ń lọ nírọ̀lẹ́ ní Àgọ́-Ìwòyè, ohun tí olùkọ́ máa ń tẹnu mọ́ fún wa ni pé kí á wo nǹkan dáadáa kí á tó sọ̀rọ̀. Mo wò ó dáadáa. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rù rẹ̀ kò fi tán lára mi.

Petẹ́sì alámọ̀ àtijọ́ kan wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó tí a ti sọ di ilé tí a ń kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé pamọ́ sí. Èmi ni mò ń ṣọ́ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Bí ọ̀rinrin bá pọ̀ jù, aṣọ yóò bu. Bí ó bá kéré jù, ère igi yóò là. Ojú ẹ̀rọ kékeré tó wà lẹ́nu ọ̀nà ló ń sọ bí ọ̀rinrin inú yàrá ti pọ̀ tó fún mi.

Nínú àpótí onígíláàsì tó wà ní yàrá òkè ni kíjìpá tí ìyá mi fọwọ́ ara rẹ̀ hun wà. Òun nìkan ló kù. Ìyókù ti bá ìyá mi wọlẹ̀ nígbà tó kú. Òrùlé ilé mi ń jò, ìyẹn ni mo ṣe gbé e wá síbẹ̀, kí ó má baà bàjẹ́.

Èémí ènìyàn, omi ni. Bí àlejò bá ti wọ yàrá náà, òǹkà ojú ẹ̀rọ á máa gòkè. Bí a bá tilẹ̀kùn, á rọlẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ ọyẹ́ kan ni. Ètè gbogbo ènìyàn ti là. A kò gba àlejò kankan, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ mi. Síbẹ̀ ẹ̀rọ ń gòkè, bí ẹni pé yàrá náà kún.

Mo ṣílẹ̀kùn. Kò sí ẹnìkankan.

Ẹ gbà mí gbọ́, ẹnu mi ló yá jù mí lọ. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa ni: ẹni tó bá wọlé á kí ilé.

“Ẹ kú ilé o.”

“Káàbọ̀.”

Wọ́n pọ̀. Wúyẹ́wúyẹ́ ni wọ́n ń sọ ọ́, bí àwọn tó jókòó ti ògiri. Afẹ́fẹ́ lílọ́wọ́ọ́wọ́ kan rin mí lọ́rùn. Èémí bo gíláàsì àpótí náà, láti inú.

Ọ̀kan wá dá sọ̀rọ̀: “Ọmọ mi, ṣé o ti jẹun?”

Mo mọ ohùn náà. Ta ni kò ní í mọ ohùn ìyá rẹ̀?

N kò mọ bí mo ṣe dé ìsàlẹ̀. Bọ̀dá Múfú, ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì, bú sẹ́rìn-ín: “Akẹ́kọ̀ọ́ alẹ́! Ṣé eku ló lé ẹ ni?”

“Mo kí ilé, wọ́n sì dáhùn.”

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu Bọ̀dá Múfú. Wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀. “Yàrá tí o fọwọ́ ara ẹ tì? Subuhánallàhi! Onílé là ń kí. O ti sọ wọ́n di onílé. Ìwọ ni àlejò báyìí.”

Àwọn aláàdúrà wá. Wọ́n ní èmi tí mo kí àwọn tó wà nínú yàrá náà ni kí n fi ẹnu ara mi lé wọn jáde. Mo dúró nínú yàrá náà, mo la ẹnu. Ẹ jọ̀wọ́, báwo ni a ṣe ń lé ìyá ẹni? Mo pa ẹnu dé.

Ẹ̀rọ kò rọlẹ̀ mọ́. Wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀. Bákan náà ni. Nígbà tí a fẹ́ gbé kíjìpá náà kúrò, ó já lọ́wọ́ mi bí búrẹ́dì tó bọ́ sómi. Èémí ẹni tó hun ún ló bà á jẹ́.

Bí ẹ bá wọ yàrá tí ẹ fọwọ́ ara yín tì, mo bẹ̀ yín, ẹ pa ẹnu mọ́. Ọyẹ́ ṣì ń fẹ́ bí mo ti ń kọ èyí. Èémí ti bo fèrèsé yàrá mi láti inú, n kò sì tíì kí ẹnikẹ́ni.