Oṣù Mẹ́jọ Tí Ẹ̀jẹ̀ Sọ

Ó ti tó ọdún mọ́kànlá tí Fẹ̀yìntọlá ti ń gba ẹ̀jẹ̀ lára àwọn aláìsàn ní ọsibítù kan nítòsí Clinton, ní ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà. Bí iṣan bá sá pamọ́ fún àwọn nọ́ọ̀sì, òun ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ pè.

Lọ́dún 2006, jẹjẹrẹ ìfun mú Akínlọ́lá, ọkọ rẹ̀. Kí wọ́n tó mọ̀, ó ti ràn dé ẹ̀dọ̀. Dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó ní àwọn àmì kan wà níbẹ̀ tó máa ń sọ bí ẹ̀mí aláìsàn ṣe lè gùn tó. Nígbà tí èsì dé, Akínlọ́lá dìde lórí àga.

"Ẹ sọ ọ́ fún ìyàwó mi. Èmi ò fẹ́ gbọ́."

Ó jáde lọ jókòó sínú ọkọ̀.

Dókítà fi ìka tọ́ka sí ohun tó ga jù àti èyí tó lọ sílẹ̀ jù lórí ìwé èsì náà. "Nínú ẹni mẹ́wàá tí ẹ̀jẹ̀ wọn rí báyìí, márùn-ún kì í lò ju oṣù mẹ́jọ lọ. Mi ò mọ apá ibi tí ọkọ yín máa bọ́ sí."

Fẹ̀yìntọlá dúpẹ́. Òun ló wa ọkọ̀ padà sílé wọn ní Mitchellville. Kò sunkún. Ó kàn ń ṣe é bí ẹni tí wọ́n gún ní abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ara mọ ìrora.

Láti ọjọ́ náà, kò bá ọkọ rẹ̀ jà mọ́. Bí Akínlọ́lá bá ju tówẹ́ẹ̀lì tútù sórí bẹ́ẹ̀dì, "Kò burú" ni Fẹ̀yìntọlá máa ń sọ. Oṣù kẹjọ pé, ó kọjá. Akínlọ́lá ṣì ń jẹun, ó ṣì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Fẹ̀yìntọlá ti sin ín lọ́kàn, kò wá mọ ohun tí òun máa fi í ṣe mọ́.

Lọ́sàn-án Sátidé kan tó ń ká aṣọ, ọkọ rẹ̀ ní, "Ìyá Ìtùnú, kí ló dé tí o ń wò mí bí àlejò tó yẹ kó ti lọ?"

"Oṣù mẹ́jọ ni wọ́n ní, Bàbá Ìtùnú. Ó ti di mẹ́wàá."

Akínlọ́lá ní, "Ìdí nìyẹn tí o ò fi bá mi jà mọ́."

"Ẹ má bínú."

"Mo rò pé ọ̀rọ̀ mi ti sú ọ ni. Jọ̀ọ́, máa bá mi jà."

Fẹ̀yìntọlá gbìyànjú. Ó ní bàtà rẹ̀ ti dí ẹnu ọ̀nà pa, ṣùgbọ́n kò dún bí ìjà. Akínlọ́lá dìde, ó lọ kó bàtà náà.

Oṣù kẹrìnlá ló kú, lọ́sàn-án, nígbà tí Fẹ̀yìntọlá ń bá a gé èékánná ẹsẹ̀. Ó gé ìyókù tán kó tó pe ẹnikẹ́ni.