Olùkọ́ Aunty Kokila

Òórùn káńfọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà Aunty Kokila. Nílé tiwa, àárín aṣọ inú àpótí ni káńfọ̀ ń gbé. Aunty a máa sun tiwọn níwájú òrìṣà wọn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ẹlẹ́sìn Híńdù ni wọ́n, wọ́n tó ìyá mi àgbà lọ́jọ́ orí, ilẹ̀kùn wọn sì kọjú sí tiwa ní North Peckham, nílùú London. Bí mo bá ti iléèwé dé, ọ̀dọ̀ wọn ni mo máa ń wà títí Mummy yóò fi ti ibi iṣẹ́ dé. Wọ́n ń kọ́ mi lórin. N ó kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kí wọn, kí n tó jókòó. N kò fẹ́ràn ibì kankan tó ibẹ̀.

Ní Sátidé kan, wọ́n ní kí èmi àti Mummy wá kí gúrù wọn, olùkọ́ tó ń tọ́ wọn sọ́nà Ọlọ́run, tó ti India wá. Bàbá arúgbó ni mo ń retí. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì kún ló wọlé. Aunty dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọkùnrin, wọ́n fi iwájú orí kan ẹsẹ̀ rẹ̀. Ojú tì mí fún wọn. Mummy kò fẹnu kan tíì tí wọ́n gbé fún wọn. Nígbà tí a délé, Mummy ní, "Àgbà wo ló ń dọ̀bálẹ̀ fún ọmọdé? From Monday, after-school club lo máa lọ. O ò débẹ̀ mọ́." Mo sunkún títí ojú mi fi wú.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, Aunty wá kanlẹ̀kùn. Mummy kò fi bò, wọ́n bi Aunty léèrè ìdí tí wọ́n fi dọ̀bálẹ̀ fún ọmọdé. Aunty ní olùkọ́ àwọn gan-an ti kú, ṣùgbọ́n kó tó kú, ó gbé ọwọ́ lé ọmọ yẹn lórí láti fi í rọ́pò ara rẹ̀. "Mo lè bí i. Ohun tí olùkọ́ mi fi lé e lọ́wọ́ ni mo dọ̀bálẹ̀ fún."

Mummy ní kí Aunty wọlé jókòó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ ti bàbá wọn fún Aunty, tíṣà kan ní Ìjẹ̀bú tó kọ́ ọmọ kan ní ABD, tó sì nà án dáadáa. Lọ́jọ́ tí ọmọ náà jọba, bàbá ṣí fìlà, wọ́n dọ̀bálẹ̀ sínú eruku lójú gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ wọn. Mummy wá yíjú sí mi.

"Wọ bàtà ẹ, tẹ̀lé Aunty. Má jẹ́ kí n gbọ́ pé o ò kúnlẹ̀ kí wọn o."

Mo ti lé lógójì ọdún báyìí. Lọ́dún tó kọjá, mo lọ kọ́ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ nítòsí Surrey Quays. Ọmọbìnrin tó ń kọ́ wa pe orúkọ mọ́ mi lórí, ó ní kí n ki orí bọ omi. Èmi tí mo lè bí i. Mo wọṣọ mi, n kò padà lọ mọ́. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí mo jẹ́ lọ́dọ̀ Aunty Kokila nígbà náà ì bá ti ki orí bọ omi.